Ọwọ́ Tí Kò Kan Etí

Bàbá mi, ẹni tí mo fi ojú jọ,

Mo ti di ìyàwó! Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí mo wọlé ọkọ ní Òkukù, ẹ̀rín kò sì tíì kúrò lẹ́nu mi. Tíṣà ni ọkọ mi. Bíi tiyín gẹ́lẹ́ ló ń sín, ẹ̀ẹ̀mẹta léraléra!

Ṣùgbọ́n ìròyìn tó ń yún mi lẹ́nu jù ni pé Àdùkẹ́, àbúrò mi tó bá mi wá síbí, ti wọ ilé-ìwé.

Ṣé ẹ rántí ọ̀gá tíṣà Inísà yẹn, tí gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ kò ju ọwọ́ àti etí lọ? Kí ọmọ na ọwọ́ ọ̀tún kọjá lórí, kó fi kan etí òsì. Bó bá kàn án, ó tó ọdún mẹ́fà; bí kò bá kàn án, kó padà sílé. Ọwọ́ ọ̀tún Àdùkẹ́ sì ti rọ láti ìgbà tí ibà mú un ní kékeré. Ó na òsì, ó di etí ọ̀tún mú ṣinṣin. Ọkùnrin náà ní, "Ọ̀tún ni mo wí. Kò tíì tó ọdún. Ẹ mú un wá lọ́dún tó ń bọ̀."

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà náà, tó ti ń pọn omi! Ẹ gbé e lọ sí Ìkìrun, orin kan náà ni. Ṣé wọ́n rò pé apá ọmọ yóò ta bí iṣu tí òjò bá rọ̀ ni? Ìwé tí irú wọn kà dà?

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo mú un lọ bá ọ̀gá tíṣà ti ibí. Òun náà tún bẹ̀rẹ̀: "Na ọwọ́ ọ̀tún." Ni Àdùkẹ́ bá wò ó lójú.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Ọwọ́ yìí ń sùn. Ṣé kí n fi èyí tó jí kan etí tiyín?"

Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì kọ orúkọ Àdùkẹ́ sílẹ̀.

Bàbá, lọ́jọ́ tí ẹ dọ̀bálẹ̀ nínú eruku fún ọ̀gá tíṣà Inísà yẹn, ẹni tí ẹ lè bí, mo wà lẹ́yìn yín nínú aṣọ ilé-ìwé girama mi. Ẹ̀yin ni ojú ń tì mí fún, kì í ṣe òun. Ṣé ẹ mọ̀? Ẹ forí jì mí. Ọkùnrin yẹn wá síbi ìgbéyàwó mi, ó jẹ ìrẹsì ẹ̀ẹ̀mejì. Mo ń kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo dé iwájú rẹ̀, ìdúró ni mo wà.

Èmi ni, ọmọ yín tí ìfẹ́ yín kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.