Bátìrì Mẹ́rin fún Kọ̀ǹpútà Tí Kò Rántí Ara Rẹ̀

Abà Ìdí-Emi,
lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́.
Oṣù kẹta, ọdún 1988.

Mùfúlíátù, Àwẹ̀ró ọmọ mi,

Mo kí ọ kú ìjọ́ mẹ́ta, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ooru Abùjá tí àwọn tó tibẹ̀ dé ní ó ń se ènìyàn bí iṣu. Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí o ríjà ìlú onílùú. Bí o bá béèrè wa, ara le, ẹnu ń jẹ. Ibà ti fi ìyá rẹ sílẹ̀, ìyá rẹ ti tún ń bá mi jà, èyí ni mo fi mọ̀ pé ara rẹ̀ ti yá. Ewúrẹ́ rẹ bí ìbejì.

Lẹ́tà rẹ dé. Mo ka ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ sétí ìyá rẹ, a ò sì lè jẹun tán lọ́jọ́ náà. Pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi sọ́wọ́ rẹ ní ọ́fíìsì kò jí bó ti yẹ mọ́, pé ọ̀gá rẹ ní ìwọ lo bà á jẹ́, àti pé bí kò bá ṣiṣẹ́ kí oṣù yìí tó parí, kí o di ẹrù rẹ. Ó dùn mí gan-an. Ọmọ tí kò fọ́ ìkòkò rí nílé bàbá rẹ̀!

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti yé mi dáadáa. O ní bí ẹ bá tan ẹ̀rọ náà, kò ní kọ́kọ́ dá ẹnikẹ́ni lóhùn, pé àwọn tó ṣe é ti tẹ ẹ̀kọ́ kékeré kan mọ́ ọn lágbárí, òun ni yóò kọ́kọ́ kà sí ara rẹ̀: ṣé mo lójú, ṣé mo lọ́wọ́, ṣé ọpọlọ mi pé? Lẹ́yìn náà ni yóò ké pí lẹ́ẹ̀kan, yóò ṣí àká tó kó iṣẹ́ yín sí, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀. Èyí kò yà mí lẹ́nu. Èmi náà máa ń fọwọ́ ra orúnkún mi wò láàárọ̀ kí n tó dá ìyá rẹ lóhùn. O wá ní báyìí, ó ń yẹ ara rẹ̀ wò tán, ó ń ké, ó ní òun ò mọ̀ pé òun ní àká rárá, ó sì dúró síbẹ̀. O ní bátìrì mẹ́rin tí ń bá a tọ́jú ìrántí nígbà tí ẹ bá pa á ló kú, pé ọ̀gá ò gbà pé ohun kékeré bẹ́ẹ̀ lè dá ẹ̀rọ olówó ńlá dúró.

Bátìrì kẹ̀! Ṣé bátìrì lẹ wá ń torí ẹ̀ da ara yín láàmú nínú ìlú tuntun tí ìjọba ń kọ́? Bátìrì kì í kú, ó máa ń rẹ̀ ẹ́ ni, oòrùn sì ni oògùn rẹ̀. Mo yọ mẹ́rin inú rédíò mi, mo sá wọn sórí páànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ èlùbọ́ ìyá rẹ, mo ń yí wọn padà títí wọ́n fi gbóná lọ́wọ́ mi. Mo dá wọn padà sínú rédíò, ó sọ̀rọ̀ títí tó fi dé ìròyìn Hausa. Mo wá dì wọ́n sínú aṣọ, mo fún Ṣítù awakọ̀ tí ń kó ọsàn lọ sí Zuba, lọ bá a ní ọjà èso níbẹ̀. Wọ́n tóbi díẹ̀ ju èyí tí o sọ, ṣùgbọ́n kí ọ̀gá rẹ má bínú, èyí tó tóbi ni yóò rántí nǹkan púpọ̀. Bí ó bá tún rẹ̀ wọ́n, ẹ sá wọn sórí òrùlé ọ́fíìsì.

Ìyá rẹ ní ti òun kì í ṣe bátìrì. Ó ní ta ni a jí láì kì í ní oríkì tí orí rẹ̀ pé láàárọ̀, pé ìwọ gan-an, bí òun kò bá kì ọ́ ní Àwẹ̀ró dé ìdílé, o kì í dìde lórí ẹní. Ó bi mí pé ọmọ ilé ta ni ẹ̀rọ náà. Mo ní òyìnbó ló bí i. Ó ní òyìnbó kì í ṣe agboolé. A jiyàn títí, a wá fẹnu kò sí Àlàó, torí ìyá rẹ ní ẹni tí kò mọ ibi tó kó ẹrù rẹ̀ sí, ọkùnrin ni, ó sì wojú mi. Nítorí náà, kí o tó tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ láàárọ̀, fọwọ́ pa á lórí, kì í ní Àlàó dáadáa, sọ fún un pé ilẹ̀ ti mọ́.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ rán Ṣítù padà, ti kẹrosíìnì, ti ṣúgà ààwẹ̀, àti ti bátìrì tuntun, nítorí láti ìgbà tí mo ti kó ti rédíò ránṣẹ́ sí ọ, ilé dákẹ́.

Ìyá rẹ ló ní kí n béèrè owó. Ibì kan wà nínú lẹ́tà rẹ tí mi ò kà sí i létí. O ní bí ẹ̀rọ náà bá ti jí, ọjọ́ kìíní ọdún 1980 ló ń pe òní, gbogbo ọ́fíìsì sì ń fi í rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ní ọdún yẹn, ìwọ lo ń gbé búta àlùwàlá mi wá. Àwọn àárọ̀ kan ṣì wà tí mo máa ń jí, tí mo máa ń pè ọ́, tí mo máa ń dúró de ìdáhùn rẹ. Ìyá rẹ ló ń gbé omi náà wá.

Bí wọ́n bá lé ọ, má sunkún níbẹ̀, wọ mọ́tò, máa bọ̀. Bí wọn ò bá lé ọ, Ọlọ́run á gbé ọ ga lójú wọn, ojúmọ́ rere á máa mọ́ bá ọ, ṣùgbọ́n wá nígbà Ìtúnu ààwẹ̀. Má ránṣẹ́ ṣáájú. Jẹ́ kí n jí, kí n pè ọ́, kí o sì dá mi lóhùn.

Èmi bàbá rẹ,
Bùsàrí.