Oko Kajú Yín Tún Rúwé

Bàbá mi, olùkọ́ mi àkọ́kọ́,

Mo kí yín láti Ìpàpó. Òjò àkọ́rọ̀ ti dé, ara Màmá sì le. Ìròyìn tó wà lẹ́nu mi dùn, n kò lè fi falẹ̀ rárá: oko kajú yín ti so.

Ẹ ò mọ̀ pé iná jó o. Ọyẹ́ tó tẹ̀lé ìsìnkú yín ni iná ìgbẹ́ wọ ibẹ̀. Nígbà tí a máa fi débẹ̀, èéfín ṣì ń rú lára kùkùté àwọn igi tí ẹ fọwọ́ ara yín gbìn. Màmá wò ó, wọn ò sunkún. Wọ́n kàn yí padà sílé, wọn ò sì dé oko mọ́.

Àkànní àbúrò mi ní ká fi àwọn kùkùté náà ṣe èédú, ká ta ilẹ̀. "Ohun tó jó ti jó," ó wí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà fún un. Ohun tó dá mi dúró ni ìwé tí ẹ máa ń kà fún wa lóko, lábẹ́ igi ẹmi tí Màmá fi ń ṣe òrí, tí a bá jẹ iṣu sísun tán. Ọ̀rọ̀ àwọn wòlíì Ísírẹ́lì ni ẹ fẹ́ràn jù. Ẹ ní bí wọ́n ṣe mọ ilẹ̀ tó yẹn, àgbẹ̀ ni wọn yóò jẹ́. Bí wọ́n bá dárúkọ igi ólífì, ẹ ó nawọ́ sí igi ẹmi, ẹ ó ní òun náà ń fún wa lóròóró. Aṣálẹ̀ tí Aísáyà ní yóò yọ òdòdó, ẹ ní Òkè-Ògùn ni nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìrì tí Hóséà ní Ọlọ́run yóò jẹ́ fún àwọn èèyàn rẹ̀, ẹ ní ìyẹn ló ń tutù mọ́ wa lẹ́sẹ̀ láàárọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ kùkùté tó tún hù ni ẹ máa ń pẹ́ lé jù. Ẹ ó pa ìwé dé, ẹ ó ní, "Ọlọ́run kì í wo òkè igi. Gbòǹgbò ló ń wò."

Mo bẹ Àkànní pé kó jẹ́ kí òjò rọ̀ ná. Bàbá Sùlíyà tí oko wọn bá tiwa pààlà bá mi bẹ̀ ẹ́. "Kajú kì í tètè kú," wọ́n wí. "Ẹ ní sùúrù fún un."

Òjò rọ̀, mo lọ. Ọ̀mùnú pupa wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ ti yọ nídìí àwọn kùkùté, láàárín eérú. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mò ń dá rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ rí mi?

Mo mú Àkànní lọ wò ó. Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ìdí wọn. Láti ìgbà náà, òun àti Bàbá Sùlíyà ló máa ń ro ààlà oko mọ́ kí ọyẹ́ tó dé, kí iná má baà ráyè wọlé.

Lọ́dún yìí, èso pupa àti yẹ́lò kún orí igi, òórùn rẹ̀ gba ojú ọ̀nà. Màmá ní ẹsẹ̀ ń dun àwọn, àwọn ò lè lọ. Àkànní gbé wọn sẹ́yìn ọ̀kadà, ó rọra ń wà á. Nígbà tí wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n dúró pẹ́ kí wọ́n tó já ẹyọ kan. Wọ́n gé e jẹ, omi rẹ̀ ń ṣàn lágbọ̀n wọn.

"Alihamudulilaahi, ìyàwó wa dóko," Bàbá Sùlíyà wí láti oko tiwọn.

Màmá rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wọn. Bàbá, ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Ṣé ó dé ọ̀dọ̀ yín?

Mo rò pé wọn yóò ní ká máa lọ sílé. Wọ́n wo apá ibi tí ẹ ò dá oko sí rí, níbi tí koríko nìkan wà, wọ́n sì kọjú sí Àkànní.

"Gbẹ́ ihò sí ibẹ̀ yẹn," wọ́n wí. "Mo fẹ́ gbin tèmi."

Èmi ọmọ yín, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń rùn fún kajú bó ṣe ń kọ èyí sí yín.