Ohun Tó Wà Lẹ́yìn

Màámi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ara mi le, mo sì ń jẹun dáadáa. Ọkọ mi ló kan àwọn bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì wa. Èmi ni mo ń nù wọ́n.

Ìyàwó pásítọ̀ ń kọ́ àwa ìyàwó tuntun. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ dàgbà nínú Olúwa gbọ́dọ̀ gbàgbé ohun tó wà lẹ́yìn. Wọ́n fún wa ní bébà ká kọ ọ́ sí i, ká sì fà á ya. Àwọn yòókù kọ ìbínú àti ọtí. Èmi kọ Ẹlẹ́rìn-ín.

Ìyàwó pásítọ̀ ní, "Ta nìyẹn?"

Mo ní, "Ọmọ mi ni, mà. Ẹ̀yìn ni mo gbé e sí títí mo fi wá síbí."

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ìyàwó pásítọ̀ wá ní, "Fà á ya, ìyàwó. Ohun tí ọkọ ẹ ń fẹ́ náà nìyẹn."

Òótọ́ ni, Màámi. Ọkọ mi ní ayé àtijọ́ ti lọ, kí ọmọ náà máa pè mí ní àǹtí. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Mo fẹ́ràn Jésù, mo fa bébà náà ya. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń gbálẹ̀, mo ṣà á jọ, mo so ó mọ́ etí ìró mi.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Ẹ máa kọ́ Ẹlẹ́rìn-ín ní àǹtí náà díẹ̀díẹ̀, ẹ má kánjú. Ẹ sì máa pọ̀n ọ́n fún mi kó tó wúwo jù.

Èmi ni, ọmọ tí ẹ pọ̀n dàgbà.