Ìtàn Ìgbésí Ayé Bàbá Rọra, Tó Fi Igi Rọ́pò Ọwọ́ Àbúrò Wọn

Nínú ilé kan tó kọjú sí ojú ọ̀nà ńlá, níbi tí àwọn awakọ̀ akẹ́rù ti máa ń dúró bu omi sí rédíétọ̀, ni a ti bí bàbá wa ní ọdún 1949. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá tó bí wọn lọ́mọ, alágbẹ̀dẹ náà sì ni bàbá bàbá wọn. Ìyá wọn ń ta kẹrosíìnì inú ìgò lẹ́nu ọ̀nà ilé kan náà. Kí Bàbá tó mọ òórùn ohunkóhun mìíràn láyé, òórùn irin gbígbóná àti ti epo ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀.

Àwọn ni àkọ́bí. Ní 1953 ni a bí àbúrò wọn kan ṣoṣo, ọkùnrin, ẹni tí gbogbo wa nínú ẹbí ń pè ní Bàbá Kékeré. Nígbà tí ọwọ́ ìyá wọn bá dí, ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n ni wọ́n ń pọn àbúrò sí, débi pé àwọn aládùúgbò kì í pe orúkọ ọ̀kan kí wọ́n má pe èkejì.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1956, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1962. A kò ní purọ́ mọ́ òkú: ìwé kò wọ Bàbá létí tó ìró ẹ́ńjìnnì. Olùkọ́ wọn kan máa ń dá iṣẹ́ dúró bí ọkọ̀ bá ń kọjá lóde, nítorí ó mọ̀ pé ọmọkùnrin yìí kò ní gbọ́ ohunkóhun títí ìró náà yóò fi rá. Ní 1963, wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mẹkáníìkì kan tó ń tún ọkọ̀ onídísẹ́ẹ̀lì ṣe. Nígbà tí Bàbá Kékeré náà jáde ilé ẹ̀kọ́, ọ̀dọ̀ ọ̀gá yìí kan náà ni wọ́n tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n wọn lọ.

Ní 1974, tẹ̀gbọ́n tàbúrò dá ṣọ́ọ̀bù tiwọn sílẹ̀: páànù lórí òpó igi, àti kòtò kan tí ènìyàn lè dúró sí lábẹ́ ọkọ̀. Iṣẹ́ tí a fi mọ̀ wọ́n jù ni ti píkọ̀ọ́pù onídísẹ́ẹ̀lì tí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, irú èyí tó ń gun òkè tó sì ń la ẹrẹ̀ kọjá. Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé díẹ̀ fún àwọn tí ọ́ìlì kò rin aṣọ wọn rí. Ní iwájú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, irin gígùn kan wà tó ń yí táyà, áàsù ni wọ́n ń pè é, inú ọ́ìlì ló sì ń gbé. Òrùka rọ́bà kan tí wọ́n ń pè ní síìlì ló fún mọ́ irin náà lára kí ọ́ìlì má bàa jò. Bí síìlì bá bàjẹ́, ọ́ìlì á dà sórí bíréèkì. Ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ kò mú mọ́, ẹ̀yin náà mọ ibi tó ń lọ.

Fífi síìlì tuntun sí i kò le. Ẹ ó nu ojú ihò rẹ̀ mọ́, ẹ ó fi gírísì pa ètè rọ́bà náà, ẹ ó sì fi òòlù kàn án díẹ̀díẹ̀ yíká kó lè jókòó dọ́gba. Dídá áàsù padà ló le. Irin náà wúwo, orí rẹ̀ sì ní eyín bíi ti ayùn. Bó bá fara lé rọ́bà náà bó ti ń wọlé, ó ti gé e nìyẹn, ojú kò sì ní tètè rí i. Iṣẹ́ ẹni méjì ni: ẹnì kan á gbé irin náà kó dúró dọ́gba, ẹnì kejì á máa darí rẹ̀ wọlé. Bàbá Kékeré ló ń gbé e, Bàbá ló ń darí. "Rọra" ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí Bàbá máa ń sọ títí irin náà yóò fi wọlé láìfara kan ẹ̀gbẹ́. Ibẹ̀ ni orúkọ Bàbá Rọra ti jáde.

Ní 1977, Bàbá fẹ́ ìyá wa, aránṣọ tó ní ṣọ́ọ̀bù ní òdìkejì títì. Aṣọ iṣẹ́ tó ya ni wọ́n gbé lọ kí ó bá wọn rán. Ìyá wa ní òun kò ní fọwọ́ kan aṣọ tó lè dá dúró láìsí ènìyàn nínú rẹ̀, kí wọ́n lọ fọ̀ ọ́ ná. Bàbá lọ fọ̀ ọ́, wọ́n gbé e padà wá, ìyá wa tún dá a padà fún wọn. Nígbà tí aṣọ náà fi mọ́ tán, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí aṣọ. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́rin ta wọ́n lọ́rẹ.

Ní ti ìgbàgbọ́, Bàbá kì í pa ilé ìjọsìn jẹ. Ìjókòó tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà ni tiwọn, wọn a sì máa dijú nígbà ìwàásù. Bí a bá bi wọ́n, wọn á ní àdúrà ni àwọn ń gbà. Ìyá wa tó ń jókòó tì wọ́n máa ń sọ pé òun kò gbọ́ àdúrà tí wọ́n ń hanrun sí rí. Ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ ilé ìjọsìn náà kò kú lọ́wọ́ Bàbá rí, wọn kò sì gba ohunkóhun fún un.

A ti dé ibi tó wúwo báyìí. Bàbá fúnra wọn ló pàṣẹ kí wọ́n tó lọ pé kí a má fò ó.

Ní 1993, tẹ̀gbọ́n tàbúrò pààrọ̀ síìlì iwájú píkọ̀ọ́pù ilé ìwòsàn, ọkọ̀ tó ń gbé àwọn aláboyún wá láti abúlé. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ibẹ̀ tún jò. Ọ́ìlì bo bíréèkì, ọkọ̀ kò dúró níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, ó sì já sí gọ́tà. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé kò sí aláìsàn nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ awakọ̀ kán, ó sì ń tiro títí dòní. Bàbá kò wádìí. Níwájú gbogbo èrò ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní àbúrò àwọn ló jẹ́ kí irin já lé síìlì, tó fi gé e. Bàbá Kékeré ní ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bàbá tún un sọ, ohùn wọn sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lọ́jọ́ náà ni Bàbá Kékeré kó sípánà wọn, wọ́n lọ dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ ní ìpẹ̀kun ìlú. Wọ́n wọ́ ọkọ̀ tó já náà wá sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Bàbá, ilé ìwòsàn ra òmíràn, koríko sì bo èyí, ewúrẹ́ ń sùn lábẹ́ rẹ̀.

Àmọ́ ìjà kò sọ iṣẹ́ ẹni méjì di ti ẹnì kan. Bàbá gbẹ́ igi kan tó pín sí méjì lórí, wọ́n we àkísà mọ́ ọn, òun ni wọ́n wá ń gbé áàsù lé. Wọ́n sọ igi náà ní Àbúrò. Láti abẹ́ ọkọ̀ ni wọn á ti máa ní kí a mú Àbúrò wá. Àwọn oníbàárà tuntun á sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹni tí wọ́n ń pè lè ráyè kọjá, igi ni wọ́n á rí, wọn á sì bú sẹ́rìn-ín. Àwa ọmọ kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ń dun Bàbá, a sì mọ̀ pé agídí kò ní jẹ́ kí wọ́n lọ bá àbúrò wọn.

Ìyá àwọn méjèèjì bẹ̀ wọ́n títí. Ohun tó ń ba ìyá náà lẹ́rù ni pé kí ikú má lọ dé kí ọmọ ìyá méjì tó parí ìjà. Ní 2001, ìyá náà kú. Ẹ̀gbọ́n dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan sàréè, àbúrò dúró sí ìkejì, wọn kò wo ara wọn.

Ní 2011, píkọ̀ọ́pù tí ilé ìwòsàn fi rọ́pò ti àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jo ọ́ìlì níwájú. Bàbá pààrọ̀ síìlì, ó jò. Wọ́n tún pààrọ̀ rẹ̀, ó tún jò. Kò sí ẹni tí wọn ì bá dá lẹ́bi àfi igi. Wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n wo ọkọ̀ náà títí. Páìpù kékeré kan wà lórí ilé áàsù tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde bí ọ́ìlì bá gbóná. Wọ́n tú u, wọ́n fi ẹnu fẹ́ ẹ, atẹ́gùn kò kọjá: kòkòrò ti fi amọ̀ kọ́lé sínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí kò rọ́nà jáde ló ń ti ọ́ìlì kọjá síìlì, bó ti wù kí síìlì náà tuntun tó.

Bàbá dìde. Wọ́n lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n lé àwọn ewúrẹ́. Páìpù ti ọkọ̀ àtijọ́ náà ti dí pa, amọ̀ inú rẹ̀ le bí òkúta. Ẹnì kan lè ní lẹ́yìn jàǹbá ni amọ̀ wọ ibẹ̀. Nítorí náà wọ́n fa áàsù yọ, wọ́n sì yọ síìlì tí àwọn àti àbúrò wọn jọ fi sí i. Ètè rọ́bà náà pé pérépéré, kò sí ojú gígé kankan lára rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo àgbà ló lè lọ bẹ àbúrò rẹ̀, a kò sì rò pé Bàbá wà lára àwọn tó lè ṣe é. Wọ́n fi àkísà we síìlì náà, wọ́n tì í bọ àpò, wọ́n fẹsẹ̀ rin àárín ìlú já nínú aṣọ iṣẹ́. Wọ́n bá Bàbá Kékeré nídìí píkọ̀ọ́pù kan. Okùn kan so rọ̀ láti òrùlé, áàsù sì wà nínú rẹ̀: bí àwọn náà ṣe ń dá iṣẹ́ ẹni méjì ṣe nìyẹn. Bàbá na síìlì náà sí wọn.

"Ìwọ kọ́," ni Bàbá wí. "Èmi ni mi ò wò ó kí n tó sọ̀rọ̀. Má bínú."

Bàbá Kékeré fi àtàǹpàkò tọ ètè rọ́bà náà yíká. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó pẹ́ o."

"Mo mọ̀," ni Bàbá dáhùn. "Tú okùn yẹn."

Bàbá kúnlẹ̀, wọ́n ti ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ irin náà. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n ló gbé e, àbúrò ló darí. Bàbá Kékeré fúnra wọn ló sọ fún wa pé ojú àwọn kò ríran dáadáa, nítorí omijé.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti jọ padà sábẹ́ páànù kan. Igi Àbúrò kò níṣẹ́ mọ́, ó di ohun tí wọ́n ń fi fìlà kọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 yìí, nígbà tí èémí Bàbá ti ń kúrú, píkọ̀ọ́pù ilé ìwòsàn tún gba síìlì tuntun. Bàbá kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́. Orí àga ni wọ́n jókòó sí, tí wọ́n ń sọ "Rọra" fún Bàbá Kékeré àti àbíkẹ́yìn wa títí irin fi wọlé. Ọkọ̀ yẹn ló gbé pósí wọn wá síbí lónìí, awakọ̀ tó ń tiro náà ló sì wà á. Ẹni tó bá wo abẹ́ rẹ̀ kò ní rí ẹ̀kán ọ́ìlì kan.

Bàbá sùn lọ́sàn-án, ní ilé wọn, ní ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. Wọ́n fi aya wọn aránṣọ sáyé lọ, àti ọmọ mẹ́rin: nọ́ọ̀sì, olùkọ́, jórinjórin, àti àbíkẹ́yìn wa obìnrin tó jẹ́ mẹkáníìkì, òun ló jogún kòtò ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ-ọmọ mọ́kànlá ló wà, àti àbúrò kan.

Àwa ọmọ ti ṣètò kí àwọn ọ̀dọ́ di okùn mú láti sọ pósí kalẹ̀. Bàbá Kékeré kọ̀. Wọ́n ní kí a fi apá orí sílẹ̀ fún àwọn, pé ẹni àádọ́rin ọdún kò tíì dàgbà jù láti gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. A sì ti gbà. Bí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ "Rọra" létí sàréè, ẹ má rò pé àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n ń bá wí.

Bàbá wa, ẹ máa wọlé. Ẹ kò ní fara kan ẹ̀gbẹ́. Àbúrò yín ló dì yín mú. Ẹ sùn re o.