Irin Tí Ẹ Pè Ní Páìpù Bóhóòlù

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo ń bínú sí yín. Mi ò ní fi bò. A ti sin yín, àwọn àlejò ti lọ, ilé wá dá páropáro ní àdúgbò Ekosodin níbí. Mi ò rí ẹni bá jà àfi ẹ̀yin.

Àbúrò yín, Bàbá Àkúrẹ́, ti ní kí àwọn tó ń ra irin àlòkù wá gbé irin gígùn ẹ̀yìnkùlé wa lọ. Ká tó sin yín ni; ọjà Santana ni mo lọ, mo lọ ra gààrí àti ẹ̀wà àlejò. Kí n tó dé, wọ́n ti gbé e lọ. Wọ́n ní ó ń gba àyè kánópí. Nígbà tí mo figbe ta, Bàbá Àkúrẹ́ bi mí pé:

"Ṣé torí páìpù bóhóòlù lo ṣe ń sunkún báyìí?"

Ta ló sọ fún wọn pé páìpù bóhóòlù ni? Ẹ̀yin mà ni! Gbogbo ẹbí lẹ sọ ọ́ fún. Ẹ ní àlàyé ń sú yín, ẹ ní wọn yóò kàn bi yín pé kí lèrè rẹ̀. Kí ló dé tí ẹ kò sọ pé láti ìgbà tí ẹ ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni èmi àti ẹ̀yin ti ń fi ṣèwádìí? Afẹ́fẹ́ la ń rọ́ sí ìdí rẹ̀ kan títí ọ̀rá tí a fi dí i láàárín yóò fi bẹ́. Afẹ́fẹ́ ọ̀hún á sáré ju ìró lọ, á gbá irin pẹlẹbẹ tó wà ní ìdí kejì, irú irin tí wọ́n fi ń ṣe sílíńdà gáàsì. Lẹ́yìn náà, sẹ́ńsọ̀ wa, ẹ̀rọ kékeré tó wà lára rẹ̀, á rán ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ wọnú irin pẹlẹbẹ náà, kó lè wá ibi tó sán tí ojú ò rí. Bí a bá ti mọ̀ ọ́n wá, a ó lè fi dá sílíńdà gáàsì tó fẹ́ bú mọ̀, kó tó pààyàn. Irin pẹlẹbẹ kan péré ló kù ká dán wò, Bàbá.

Bó bá ti kù díẹ̀ kí ọ̀rá náà bẹ́, ọwọ́ yín méjèèjì lẹ fi ń bo etí mi, etí tiyín á wà ní ṣíṣí. Mo dàgbà tán, ẹ ò jáwọ́. Bó bá dún tán, ẹ ó ní kí n lọ bẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé kejì tó ti dojú bolẹ̀ pé ìbọn ni. Àwọn yẹn mọ iṣẹ́ tí à ń ṣe. Ọmọ ìyá yín ò mọ̀!

Mo sáré dé Aduwawa, níbi tí wọ́n ti ń ta irin àlòkù. Ẹni tó gbé e kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Sister, we don cut am since. E don enter motor."

Wọ́n ti gé irin wa, ọkọ̀ ti gbé e lọ. Sẹ́ńsọ̀ tí ẹ fọwọ́ ara yín lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n ti fọ́ ọ wá kópà inú rẹ̀.

Níbi ìsìnkú, wọ́n kà á fáyé gbọ́ pé ńṣe lẹ kàn ń sinmi látìgbà tí ẹ ti fẹ̀yìn tì. Ara mi gbóná. Mo gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, mo fẹ́ atẹ́gùn kún inú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan, mo lù ú, ó bẹ́, gbogbo wọn ta gìrì. Mo wá ṣàlàyé ohun tí à ń ṣe, pẹ̀lú Yorùbá mi tó ń kọsẹ̀. Kò pẹ́ rárá. Ìrẹsì wọn ò tíì tutù. Bàbá Àkúrẹ́ tẹ̀ lé mi dé ẹ̀yìnkùlé, omijé ń bọ́ lójú wọn.

"Ṣé ẹ̀gbọ́n mi rò pé kò lè yé mi ni?"

Ó yé wọn, Bàbá mi. Ó yé gbogbo wọn.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín tìbínú-tìbínú.