Ọjọ́ Tí Wáìfáì Kú Mọ́ Mi Lọ́wọ́ Nígbà Tí Islamiyat Ń Rọbí

Ojúlé Kẹrìnlá,
Òpópónà Ìrètí,
Baṣọ̀run, Ìbàdàn.
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2024.

Láwùmí, ọ̀rẹ́ àtèwe mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà lo wà? Bàbá Olúwaníyì ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Gbogbo ará Ṣakí ńkọ́? Òjò ò jẹ́ ká rímú mí níbí, àmọ́ ara le, a dúpẹ́. Jókòó kí o tó kà á dé ìsàlẹ̀, torí àyà mi ṣì ń já bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

O ṣáà mọ̀ pé etí Islamiyat ọmọ mi kò gbọ́ràn láti kékeré, ọwọ́ la fi ń bára wa sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo ti fẹ́ lọ bá a l'Ábújá, kí n lè wà níbẹ̀ tó bá fẹ́ bímọ. Àfi bí ọmọ ṣe ní òun ò lè dúró dè mí! Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Abdulmojeed ọkọ rẹ̀ wà níbi iṣẹ́ ní Sókótó, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n fọwọ́ sọ̀rọ̀ ní ọsibítù náà. La bá ṣe é lórí fídíò, èmi lórí tábúlẹ́ẹ̀tì mi nílé níbí. Àwọn nọ́ọ̀sì gbé fóònù rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á sọ̀rọ̀, èmi á fọwọ́ sọ ọ́ fún un. Bí wọ́n ní kó tì í, mo ti sọ. Bí wọ́n ní kó ṣe sùúrù, mo ti sọ.

Bí ojú ọjọ́ ṣe ṣú nìyẹn. Àrá kan sán gbàà, àfi bí mo ṣe dìde fùú, tí mo yọ gbogbo wáyà tó wà lára ògiri! Láwùmí, mi ò rò ó rárá. Ṣebí bí àwọn ìyá wa ṣe tọ́ wa nìyẹn: òjò ṣú, yọ wáyà. Ìgbà tí ojú Islamiyat dúró sójú kan lórí tábúlẹ́ẹ̀tì ni mo tó mọ̀ pé mo ti yọ wáìfáì pẹ̀lú ẹ̀. Mo ké yéè!

Mo sáré kì wáyà bọ̀ ọ́ padà, iná pupa ló ń ṣẹ́jú. Mo pa á, mo tún tàn án. Mo gbé e lọ sójú fèrèsé, pupa náà ni. Mo pe Luke tó wá so ó fún wa, ó bi mí bóyá dátà ló tán. Dátà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà! Ó ní kí n yọ ọ́, kí n ní sùúrù díẹ̀, kí n tún kì í bọ̀ ọ́. Sùúrù wo? Bí wọ́n bá ní kó má tì í mọ́, tó sì ń tì í ńkọ́? Tábúlẹ́ẹ̀tì ò ní síìmù, fóònù alátọ́ọ̀ṣì sì lèmi ń lò. Mo fi pe fóònù Islamiyat, nọ́ọ̀sì gbé e, ó ní ọmọ mi kàn ń sunkún ni, ó ń nàka sí fóònù, kò gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Ó di àná kí Luke tó wá rí i pé ṣájà fìtílà oníbátìrì ni mo fi ìpayà kì bọ wáìfáì lẹ́nu.

Ìyá Ikhlas tó wà lókè nìkan ló tún ní wáìfáì nínú ilé wa, èmi àti ẹ̀ ò sì kí ara wa láti inú ààwẹ̀, lórí omi tí wọ́n dà sórí aṣọ tí mo sá. Mo ti búra pé mi ò ní gun àtẹ̀gùn wọn láé. Láwùmí, mo gùn ún láìwọ bàtà. Bó ṣe ṣílẹ̀kùn, ẹkún gbà mí lẹ́nu. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó má bínú. Ó ní, "Ọmọ ń bọ̀ wáyé, ẹ ń sọ ti ìbínú! Ẹ wọlé jàre!" Ó so tábúlẹ́ẹ̀tì mọ́ tiẹ̀, ó sì dì í mú níwájú mi kí ọwọ́ mi méjèèjì lè ráyè.

Bí Islamiyat ṣe rí mi, ó béèrè pé ṣé mo ti kú ni. Mo ní rárá o, mo wà níbí, ó yá, tì í. Kò pẹ́ tí ọmọ fi bọ́, wọ́n gbé e sẹ́yìn lọ nù ún, Islamiyat ò rí i. Ó kọjú sí mi, ó ń fọwọ́ bi mí: ṣé ó ké? Màámi, ṣé ó ké? Èmi sì ń gbọ́ ọ, Ìyá Ikhlas ń gbọ́ ọ, igbe gba gbogbo yàrá. Mo na apá mi méjèèjì débi tí wọ́n gùn dé. Mo ní ó ké, ó fẹ́ẹ́ wó ilé ọsibítù! Ìgbà yẹn lọmọ mi tó rẹ́rìn-ín.

Ọkùnrin ni. Bá mi kí Bàbá Olúwaníyì àtàwọn ọmọ, sọ fún wọn pé mo ti di ìyá àgbà.

Èmi ni Àbẹ̀ḿbí rẹ,
Ìyá Islamiyat.