Ọkùnrin Tí Wọ́n Bá Lẹ́nu Mi

Ilé Kẹrìnlélógún, Àjà Kẹta,
Thamesmead,
London.
Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kẹta, 2025.

Àbẹ̀bí mi ọ̀wọ́n, ọ̀rẹ́ tó di ìyekan,

Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé orúnkún Màmá yín ti ń jẹ́ kí wọ́n gun àtẹ̀gùn? Ṣé ara tìrẹ náà le? Tèmi le, a dúpẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ èyí tí ǹ bá pè ní ara mi mọ́. Jókòó ka lẹ́tà yìí, má sì kà á sókè.

O mọ̀ pé oṣù keje rèé tí Káyọ̀ àbúrò mi ti jáde nílé tí kò padà. Nínú oṣù kìíní, wọ́n rí òkú ọkùnrin kan létí odò níbí. Omi ti bà á jẹ́, ojú kò ṣeé dá mọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ́sẹ̀ ni mo ń gba ibẹ̀ kọjá, àlọ àti àbọ̀ ibi tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Gbogbo ìgbà tí mo bá débẹ̀ ni àyà mi máa ń já. Mo pè é ní àárẹ̀.

Jasmine, ọlọ́pàá tí wọ́n rán sí mi, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbí ni. Ó béèrè kóòmù tàbí búrọ́ọ̀ṣì Káyọ̀, kí wọ́n lè fi wé òkú náà. Kò sí. O mọ̀ pé n kì í fi nǹkan ṣòfò: mo ti fọ aṣọ rẹ̀ kó fún ṣọ́ọ̀ṣì, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín rẹ̀ ni mo sì fi ń ha báluwẹ̀. Ló bá fi òwú orí igi ra inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Ìwé kan béèrè bóyá mo ti gba ẹ̀yà ara ẹlòmíràn rí. Mo kọ "Rárá."

Ìwọ nìkan lo mọ̀ pé Káyọ̀ fún mi ní mùdùnmúdùn eegun rẹ̀ lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, tí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde fi kúrò lára mi. Kí ìyá wa tó kú, wọ́n kìlọ̀ fún àwa méjèèjì: "Àìsàn ilé wa kì í ṣe ìròyìn ṣọ́ọ̀ṣì."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Jasmine padà dé, kò jókòó.

"Auntie, ẹnu ta ni mo fi òwú yẹn sí?"

"Ẹnu mi ni. Ojú ẹ kọ́ ni?"

"Ọkùnrin ni wọ́n bá níbẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. "Ọmọ yìí, láti ìgbà tí ọkọ mi ti lọ, ọkùnrin wo ló kù tó lè bá mi dé ẹnu?"

Òun kò rẹ́rìn-ín. "Ibi mẹ́rìndínlógún la máa ń yẹ̀ wò nínú DNA. Mẹ́rìndínlógún ló bá òkú yẹn mu. Kì í ṣe bíi tẹ̀gbọ́n sí àbúrò o. Ẹnì kan náà ni. Òkú yẹn àti ìwọ."

Mo rántí kíláàsì báyọ́lọ́jì ọjọ́ Sátidé ní Woolwich, tí mo ń lọ nítorí pé ọ̀fẹ́ ni. Natasha olùkọ́ wa ní ohun ńlá mẹ́rin ló gbé ara ró: ti ṣúgà àti iyẹ̀fun, ọ̀rá, púrótéènì, ìkẹrin sì ni DNA, okùn gígùn tí a to ìlẹ̀kẹ̀ oríṣi mẹ́rin sí, bí a ṣe tò ó fún ẹnì kan, a kò tò ó bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ó ní inú mùdùnmúdùn ni ẹ̀jẹ̀ ti ń wá, díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ náà sì máa ń wà nínú itọ́.

Mo ní, "Irọ́ ni mo kọ sínú ìwé yẹn. Mùdùnmúdùn Káyọ̀ ló ń ṣe ẹ̀jẹ̀ mi; òun ni ẹ rí lẹ́nu mi. Káyọ̀ náà sì ni òkú yẹn."

Ìgbà yẹn ni Jasmine jókòó. Ó fa irun mẹ́fà lórí mi; irun ṣì jẹ́ tèmi. Ìyẹn ni wọ́n fi mọ̀ dájú pé tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wá. Àbẹ̀bí, ọjọ́ mọ́kànlélógún mìíràn ni àbúrò mi fi sùn nínú yìnyín láìlórúkọ, nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo kọ.

A sin ín lọ́jọ́ Ẹtì. Mo sọ gbogbo rẹ̀ lójú ìjọ. Kí ìyá wa foríjì mí.

Lánàá, ọ̀bẹ gé mi lọ́wọ́ níbi tí mo ti ń rẹ́ àlùbọ́sà. Mo ṣí omi, n kò lè fi ọwọ́ sí i. Mo dúró, mò ń wo ẹ̀jẹ̀ náà bó ti ń kán sínú abọ́, ó pupa, ó gbóná. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tí a sin lọ́jọ́ Ẹtì.

Bá wa kí Màmá yín, kí o sì bá wa fẹnu ko àwọn ọmọ.

Àwa ni tìrẹ,
Moráyọ̀.